Orí Ìyá Mi Lára Ògiri

Orí fóònù ni mo wà nígbà tí ìròyìn náà dé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá ni pé kí n máa dá àwọn oníbàárà tí inú ń bí lóhùn, kí n máa bẹ̀ wọ́n, kí n máa sọ pé a ti rí i, a ti ń bójú tó o. Lọ́jọ́ yẹn, obìnrin kan ni ó wà ní etí mi, ó ń ṣàlàyé bí ẹrù tí ó rà ṣe lọ sí Ìbàdàn dípò kí ó wá sí Múṣín. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ ni ẹ̀gbọ́n kan ní ọ́fíìsì wa, ẹni tí ó máa ń ya àwòrán sí ojú ẹ̀rọ fún wọn, gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó sì fi bébà pélébé kan sí orí tábìlì mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ó kọ síbẹ̀: Wọ́n mú tìẹ. Mo pariwo. N kò mọ ìgbà tí ariwo náà jáde lẹ́nu mi. Obìnrin orí fóònù ní, "Ṣé wọ́n ti rí i ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, wọ́n ti rí i. Àwòrán mi ni èmi ń sọ. Ẹrù tirẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n mú. Ẹ̀gbọ́n yìí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gba gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ọ́fíìsì, wọ́n fẹ́ pàtẹ àwòrán síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni wọ́n ń wá, èmi gan-an sì ni ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń yàwòrán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo sì máa ń kó wọn sí. Kì í ṣe pé wọ́n ń bá mi wí nílé. Èmi ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn. Bí ènìyàn bá ń wo àwòrán mi, ó máa ń ṣe mí bíi pé ó ń tú àpótí aṣọ mi, tí ó ń gbé àwọn èyí tí ó ti ya sókè sí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin, ọmọbìnrin kan rí ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. Mo fa àwòrán náà ya, mo sì fa ìwé ìṣirò tirẹ̀ náà ya kí ó má baà jẹ́ pé tèmi nìkan ni ó ṣòfò. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rí èyí tí wọ́n mú yìí nítorí pé mo fi fáìlì mi sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí mo lọ ra oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí mo padà dé, ó ń wò ó, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá òun lè fi fóònù òun ya fọ́tò rẹ̀. Mo ní rárá, mo gba fáìlì mi, mo bínú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá a, mo ní kí ó yà á.

Èédú ni mo fi ya àwòrán náà, lórí bébà fífẹ̀ tí mo ní láti ká kí ó tó lè wọ inú fáìlì mi. Ìyá mi ni ó wà nínú rẹ̀, lórí àpótí ìjókòó ní ọ̀nà ẹ̀yìn kíṣínì wa ní Sùúrùlérè, tíréè ẹ̀wà wà lórí itan rẹ̀, ó ń ṣà á. Kò wé nǹkan kan sórí.

Ọ̀rọ̀ wà nípa orí yẹn. Irun iwájú orí Mọ́mì ti lọ tipẹ́. Òun ní òògùn tí wọ́n fi ń na irun nígbà èwe òun ni ó kó o lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní dídì ni, pé ó fẹ́ràn dídì tí ó le. Èyí tó wù kó jẹ́, láti iwájú títí dé àárín orí, ó ń dán, ìwọ̀nba tí ó kù lẹ́yìn sì funfun, ó rọ̀, ó dà bí òwú. Ẹnikẹ́ni kì í rí i. Bí ẹni tí ó ń gbé gáàsì wá bá kan ilẹ̀kùn, Mọ́mì á kọ́kọ́ wá ṣíkáàfù kí ó tó dáhùn. Lọ́dún kan tí àìsàn dá a wó tí a sáré gbé e lọ sí ọsibítù, ohun àkọ́kọ́ tí ó bi mí nígbà tí ó lajú ni pé ta ni ó tú ṣíkáàfù òun. Àárọ̀ Sátidé nìkan ni ó máa ń tú u fúnra rẹ̀, tí ó bá fẹ́ ṣa ẹ̀wà, nítorí pé ẹ̀yìn kíṣínì gbóná, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi èmi.

Ó mọ̀ pé mò ń yà á. Ó ti bi mí pé kí ni mò ń yà, mo ní, "Ìka yín ni, Mọ́mì." Kì í ṣe irọ́ nígbà náà. Ìka ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìka tí ó yára tí ó sì mọ ẹ̀wà dáadáa, tí ń ta èyí tí kòkòrò ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan láì wò ó. Ṣùgbọ́n ìka kò dá dúró. Ó so mọ́ ọwọ́, ọwọ́ so mọ́ èjìká, nígbà tí n ó fi mọ̀, orí ti jáde. Orí yẹn sì ni ohun tí ó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti yà láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń yà á. Ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé bà sórí ibi tí irun ti lọ, mo fi bébà sílẹ̀ ní funfun níbẹ̀, n kò fi èédú kàn án, mo sì dìde, mo rìn yí kíṣínì ká lẹ́ẹ̀mejì nítorí inú mi dùn ju kí n jókòó lọ.

Nítorí náà, orí tí ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ síbi tí gbogbo Yábàá á ti wò ó. N kò sì tíì sọ fún un. Mo fẹ́ sọ fún un. Irọ́ ni, n kò fẹ́ sọ fún un. Mo mọ̀ pé yóò kọ̀, bí ó bá sì ti kọ̀, ó parí. Èmi sì fẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé oorun kò kùn mí mọ́.

Ohun tí ó wá burú jù ni pé n kò lè pa ẹnu mi mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gba ìròyìn náà, kí n tó bọ́ bàtà ni mo ti sọ fún un pé wọ́n mú àwòrán mi, pé wọ́n máa gbé e kọ́, pé èmi náà ti di ayàwòrán. Ó bi mí pé èwo ni wọ́n mú. Mo ní, "Ti ìka yín." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí iná, ó wò wọ́n síwá sẹ́yìn. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Mọ́mì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìwé Yorùbá ni ó sì fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní ìka tí ẹfun ìkọ̀wé ti bò fún ọgbọ̀n ọdún, òun náà ni ó wá di ohun àfihàn yìí. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó sọ fún gbogbo ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun á wá wò ó ní Sátidé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n ṣí ìpàtẹ náà ni mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n láti rí ibi tí wọ́n gbé tèmi sí. Nígbà tí mo rí i lára ògiri, nínú férémù, pẹ̀lú iná tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọ́, mo rìn sẹ́yìn kí n tó lè rí i tán. Mo ti ń wò ó ní orí ilẹ̀ yàrá mi. N kò mọ̀ pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ojú mi lọ síbi tí mo ti ṣe àṣìṣe ní etí òsì. Lẹ́yìn náà ni mo rí páálí kékeré tí wọ́n lẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ àwòrán náà sí. Orúkọ tí mo fún un ni Ẹ̀wà, nítorí pé ohun tí Mọ́mì ń ṣà nìyẹn, n kò sì fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ga jù. Lẹ́tà ńlá mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, láìsí àmì kankan: EWA.

Mo fa Ẹ̀gbọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní àmì mi dà. Ó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò gba àmì, pé kí n fọkàn balẹ̀, ó máa yé wọn.

Ó sì yé wọn. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀. Ó dúró pẹ́. Ó ka páálí, ó tún gbé ojú sókè sí orí Mọ́mì, ó fi ọwọ́ kan àyà, ó ní, "Ẹwà." Bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ṣe sọ ọ́. Mo la ẹnu láti tún un ṣe. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó yíjú sí mi, omi ti lé sí i lójú, ó bi mí bóyá èmi ni mo yà á. Mo ní èmi ni. Ó ní irun ìyá òun náà ń lọ, pé bí mo ṣe pè é ní ẹwà yẹn, ó wọ òun lára. Ta ni yóò wá sọ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé, ẹ má bínú, mà, ẹ̀wà jíjẹ ni? Èmi kò lè sọ ọ́. Mo ní ẹ ṣeun, mà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, tí a bá ti fún wa láyè oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń sáré lọ síbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, mo máa ń dúró sẹ́yìn òpó, mo máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ara mi ń yá, méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn débi pé n kò lè jẹ búrẹ́dì náà tán. Bí ènìyàn bá kọjá láì dúró, màá kórìíra rẹ̀. Bí ó bá dúró, màá fẹ́ dì mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ọ̀rọ̀ gígùn sórí ayélujára nípa bí ayàwòrán yìí ṣe fi ẹwà hàn wá níbi tí a kò ti wá a, mo sì kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Orí mi wú. Ní ọjọ́ kẹta, èmi fúnra mi ti ń pè é ní ẹwà. Ẹnì kan bi mí bí mo ṣe ronú kan orúkọ náà, mo tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, mo ní ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Ẹ wo èmi.

Sátidé dé. Mọ́mì kò ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ náà. Láti aago méje ni ó ti ń múra, ó wọ bùbá àti ìró rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó sì wé gèlè tí ó le, èyí tí ó máa ń wé lọ síbi ìkórè, nítorí kí ó lè lọ wo ìka ara rẹ̀. Ó tún fi òróró pa ọwọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wò ó nínú dígí, mo mọ̀ pé ìsinsìnyí ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Mọ́mì." Ó ní kí n bá òun fa gèlè lẹ́yìn. Mo fà á.

Nínú kẹ̀kẹ́ láti Ojúẹlẹ́gba, ó sọ fún ẹni tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ náà pé ọmọ òun ń yàwòrán, pé ìka òun ni wọ́n lọ gbé kọ́ ní Yábàá. Ọkùnrin náà ní Ọlọ́run á jẹ́ kí a rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Mọ́mì ní àmín. Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mo di apá rẹ̀ mú, mo ní kí ó dúró ná. Ó ní ṣé kì í ṣe ibí ni. Mo ní ibí ni. Ó wọlé.

Kò ní láti wá àwòrán náà. Láti ẹnu ọ̀nà ni a ti ń rí i, nítorí ibi funfun orí yẹn ni ó ń fa ojú. Mọ́mì rìn lọ tààrà, ó dúró níwájú rẹ̀, ó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ènìyàn bíi mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì ń bọ̀ láti wá kí i. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Gèlè rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, àti orí rẹ̀ láìsí gèlè lókè gèlè náà lára ògiri. Ojú tì mí. Kì í ṣe tèmi ni mo gbé síta. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni, mo sì ti ń gba ìyìn lórí rẹ̀ láti Mọ́ńdè.

Ó tẹ̀ síwájú, ó ka páálí. Ó kà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, bí ó ṣe máa ń ka iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀, kí ojú lè tì wọ́n. "E-wa," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. "Kí ni ewa?"

Ẹ̀gbọ́n ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹwà ni, mà."

Mọ́mì kò wò ó. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tó o yà á ni mò ń bi. Kí lo kọ síbẹ̀?"

Mo mọ èyí tí ó dùn gbọ́. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ ni ó sì ń retí rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, bóyá inú rẹ̀ á rọ̀, bóyá á sunkún bíi ti obìnrin àkọ́kọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ojú tí ó fi ń wò mí, ojú tíṣà ni, n kò tíì lè parọ́ fún ojú yẹn rí kí n mú un jẹ.

"Ẹ̀wà ni, Mọ́mì," ni mo wí. "Ẹ̀wà tí à ń jẹ. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣà ni mo kọ."

Ẹ̀gbọ́n wò mí bíi pé mo gbá a létí. Mọ́mì tún yíjú sí àwòrán náà. Ó tún wò ó, ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ká ní ẹwà lo kọ ni," ó wí, "ǹ bá já a kúrò lára ògiri yìí. Ǹ bá mọ̀ pé àánú orí mi ló ń ṣe ẹ́." Ó na ìka sí tíréè inú àwòrán. "Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lóòótọ́. Orí mi sì nìyẹn. O yà á bó ṣe wà."

Ara mi fúyẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣùgbọ́n o ò bi mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì. Mo mọ̀ pé ẹ máa kọ̀ ni."

"Màá kọ̀. Ìdí tó fi yẹ kó o bi mí nìyẹn."

Mo kúnlẹ̀ sí orí símẹ́ńtì níwájú gbogbo wọn. Ó ní kí n dìde, aṣọ mi á dọ̀tí. Ó gba bírò lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, ó fi àmì roboto kékeré kan sí abẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí orí rẹ̀, ó fi òmíràn sórí lẹ́tà ìkẹyìn, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n kà á sókè. Ẹ̀gbọ́n kà á bó ṣe yẹ. Mọ́mì ní ó ṣeun.

Mo rò pé a máa lọ ilé. Àwọn mìíràn ń wọlé bọ̀ nígbà náà, obìnrin kan nínú wọn sì wo àwòrán, ó wo Mọ́mì, ó tún wo àwòrán. Pẹ̀lú gèlè yẹn lórí rẹ̀, kò sí bí ó ṣe lè dá a lójú. Ó bi í tìtìjú-tìtìjú pé, mà, ṣé ẹ̀yin nìyí? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "rárá", ni Mọ́mì nílò láti fi gba orí rẹ̀ padà, a ó sì máa lọ.

"Èmi ni," ni Mọ́mì wí. "Ọmọ mi ló yà mí. Kò gbàyè lọ́wọ́ mi kó tó gbé mi síbí. Òun ló dúró yẹn."

Ó ní kí wọ́n bá òun wá àga. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn, gbogbo ẹni tí ó bá sì wọlé ni ó sọ fún bákan náà, pé òun ni, pé ẹ̀wà ni òun ń ṣà, pé ọmọ òun kò bi òun. Kò gbé ohùn sókè, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. Á kàn tọ́ka sí mi, wọn á yí padà, wọn á wò mí láti òkè dé ilẹ̀, n kò sì lè sá sẹ́yìn òpó mọ́. Mo dúró. Mo jẹ́ kí wọ́n wò mí.